Rọ́bà Ọrùn Ọwọ́ tí Mo Gé ní Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi dé Gáráàjì Ìkòròdú. Ẹni tó bá ní ọwọ́ mi ti kú, ẹ bi í pé ta ló jó géètì ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Èmi ni! Kò sí jórin-jórin ẹgbẹ́ mi tó mọ̀ ọ́n tó mi ní Ìtamágà.

Àmọ́ ká sòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún mi ń ṣe bákan. Tí mo bá fi maṣíìnì họ irin, tó gbọ̀n títí, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e á kú, orí wọn á funfun, á tutù. Ọ̀gá mi ní ẹ̀jẹ̀ ni ò rìn, kí n so rọ́bà táyà mọ́ ọrùn ọwọ́ kó le dan-in. Gbogbo wa la máa ń so ó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó ń fún ọwọ́ lágbára. Mo so ó, ó tún burú sí i. Ọ̀gá wá ní tí ò bá dáa, kí n gbàgbé fúríìdọ̀mù tí wọ́n fẹ́ fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí n lọ máa ta káàdì ìpè. Èmi kẹ̀? Mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá Àǹtí Bọ́sẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ ní ọsibítù kan.

Dírẹ́bà fowó kún owó ọkọ̀, mo ní mi ò san. Gbogbo èrò ọkọ̀ san, èmi náà san. Lẹ́yìn Ìmọ̀tà, kòtò ń jù wá sókè, mo di irin àga iwájú mú.

Màmá kan ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ fa àga yẹn tu ni?"

"Tó bá tu, Mà, màá jó o padà!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé mo di nǹkan kan mú.

Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ewùrà ò níyì. Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fi ẹja sè é, wọ́n á pè é ní ìkọ́kọrẹ́. Bí mo ṣe délé Àǹtí, òun ni wọ́n bù fún mi. Ó dùn! Àmọ́ ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Àǹtí fà mí lọ́wọ́, wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́ mi wálẹ̀. Ṣe ló ń ta mí ṣóṣó dé orí ìka.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan," wọ́n ní. "Iṣan tó ń jẹ́ kó o mọ nǹkan lára gba ihò tóóró kan kọjá níbí. Nǹkan ti ń fún un. Maṣíìnì tó ń gbọ̀n yẹn náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ sún kì. O wá tún fi rọ́bà dè é lé e! Tó bá pẹ́, ẹran ìdí àtàǹpàkò á gbẹ."

"Àǹtí, mi ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀ o!"

"Ta ló ní kó o fiṣẹ́ sílẹ̀? Rọ́bà ni mo ní kó o gé, olóríkunkun."

Wọ́n ní kí n máa wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí n máa sinmi láàárín iṣẹ́, kí n fi pákó kékeré gbé ọwọ́ ró tí mo bá fẹ́ sùn, kí n sì padà wá rí dókítà. Mo gé rọ́bà lójú wọn.

Mo dé Ìtamágà, Ọ̀gá ju rọ́bà tuntun sí mi. "Dè é, ká ṣiṣẹ́."

"Mi ò dè é mọ́, Ọ̀gá."

Ojú mi bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gá, tí rọ́bà wà lọ́rùn rẹ̀: ìdí àtàǹpàkò wọn ti jìn wọlé. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó wọn ti ń bá wọn de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, a ṣe bí ìfẹ́ ni.

Mo yọ bíléèdì. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́wọ́ yín wá. Tiyín ló kàn."

Wọ́n bú mi, wọ́n bú bàbá mi. Àmọ́ wọ́n gbọ́wọ́ wá.