Yímíyímí, Kòkòrò Odò àti Ìkòkò Àǹtí Mi

Ìròyìn tó gba ilé wa kan ni pé Àǹtí mi ń fi kòkòrò sebẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń tọ́jú kòkòrò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣèdánwò. Tọ̀tẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ fi yímíyímí, tó ń yí ìgbẹ́ màlúù kiri pápá, wé kòkòrò dúdú kan tó ń gbé inú adágún. Òrùlé ibiṣẹ́ ń jò, ni Àǹtí bá kó wọn wálé.

Òórùn tó bá wọn wọlé le débi pé eṣinṣin ń fi ìyẹ́ bo imú. Obìnrin aránṣọ tó kángun sí wa ló ṣí ìkòkò Àǹtí lórí sítóòfù, ló rí ẹsẹ̀ kòkòrò tó léfòó. Ó bì, ó nu ẹnu, ó lọ pe Bàbá Onílé.

Bàbá dé, wọ́n di imú mú. “Ìyàwó wa, kòkòrò jáde lónìí, àbí ìwọ àti kòkòrò ẹ jọ jáde.”

“Bàbá, ọ̀la ni ìdánwò. Bí wọ́n bá di àwátì, iṣẹ́ mi náà di àwátì.”

“Da yímíyímí onígbẹ́ yẹn nù. Èyí tó wà nínú omi mọ́ tónítóní, mo gbà á láyè.”

“Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Yímíyímí ò níjà, mo sì ti fọ̀ ọ́. Ti omi yìí, ẹran ló ń jẹ.”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní kòkòrò ni?”

Bàbá ki ọwọ́ bọ inú ìgò tí kòkòrò odò wà. Kòkòrò odò gé wọn jẹ, ó tún tu omi funfun kan sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹja jíjẹrà bá fẹ́ òkú eku níyàwó, òórùn yẹn ni wọ́n máa bí lọ́mọ. Bàbá sáré fi ọwọ́ kejì gbé yímíyímí símú bí ẹni tó wá ibi ìsádi. Ọṣẹ nìkan ló ń rùn.

“Ṣé èyí ẹlẹ́gbin yìí ló ń bà wá nínú jẹ́ látàná?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Bo ìgò ẹ̀ pa. Kí wọ́n kúrò bílẹ̀ ọ̀la bá mọ́. Ìwọ dúró.”

Aránṣọ ò gbà. “Bàbá, ẹ ò bi wọ́n nípa ọbẹ̀?”

Àǹtí kojú gbogbo ilé. “Mi ò fi kòkòrò sebẹ̀ rí. Yímíyímí mẹ́fà ló kú, tí ẹsẹ̀ wọn gan. Mo bọ̀ wọ́n kí oríkèé wọn lè rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè na ẹsẹ̀ wọn wò. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, omi ẹ̀ ṣì wà lórí sítóòfù, kó lọ tọ́ ọ wò.”