Jíà Márùn-ún Lára Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Mo rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó wà lójú ọ̀nà Ofiki ju bí mo ṣe rántí yàrá tí wọ́n bí mi sí lọ. Láti oko bàbá mi wá sí Àgọ́-Àrẹ, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń rọ́ lọ sínú odò, tí yóò sì tún pọ́n òkè ní òdìkejì. Bàbá mi á di iṣu mọ́ káríà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á fi rọ́bà túùbù so ó pinpin, á sì máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí kò ní bíréèkì lọ́wọ́ ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dá a dúró: bí èèyàn bá ti pẹ́dà sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á dì, kẹ̀kẹ́ á gbọ́ràn. Kò bẹ̀rù ìsọ̀kalẹ̀ rárá. Ìgòkè ló ń fìyà jẹ ẹ́, nítorí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, á sì bọ́ sílẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ náà tòun tẹrù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn nígbà náà, ṣùgbọ́n alùpùpù ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù ní Ìsẹ́yìn ni, níbi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títún ṣe. Mo padà sílé pẹ̀lú àpótí sípánà kan, mo pa àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo sì jókòó de oníbàárà. Àwọn èèyàn ń kí mi, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ń ti kẹ̀kẹ́ wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ti ń lẹ túùbù kí wọ́n tó bí mi. Ó ń dùn mí. Mo gbà pé ohun tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láti Àgọ́-Àrẹ dé Ṣakí. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ ni mo ń wò nígbà náà.

Ọ̀gá mi fi ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ eré ìje kan ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù mi. Férémù rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n irin eléyín márùn-ún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn jíà, ṣì dára, pẹ̀lú apá kékeré tó ń ti ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sórí òmíràn kí òkè má baà nira láti gùn. Bí ojú mi ṣe ń wo bàbá mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ ohun tí màá fi í ṣe. Mo tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo yọ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, irin àárín táyà, kúrò, mo hun sípóòkù tuntun mọ́ èyí tí ọ̀gá mi fún mi, mo fi igi la ẹ̀yìn férémù kí ó lè gba irin márààrún, mo pààrọ̀ ṣéènì gbọ̀ǹgbọ̀ tó wà níbẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá mi jókòó tì mí, ó ń wo gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Èyí tí o yọ yìí, ṣé kì í ṣe òun ló ń dá a dúró?”

Mo ní, “Òun ni, Bàbá. Òun àti jíà kì í gbé pọ̀ ni. Mo ti so bíréèkì mọ́ iwájú fún yín. Ọwọ́ lẹ ó máa fi tẹ̀ ẹ́ báyìí o, kì í ṣe ẹsẹ̀.”

Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ó dáa.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gùn ún yí gbangba iwájú mọ́ṣáláṣí ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń rántí ọwọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń pariwo jíà tí yóò mú. Ìyá mi ló pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Jẹ́ kí bàbá rẹ fi ọjà kan gùn ún lófìfo ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Mo dá a lóhùn pé ọ̀la lọjà. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́: mo fẹ́ kí ọjà rí i. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ wọn kọjá níwájú mi rí baba arúgbó tó gun òkè náà pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn láìbọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ni mo fẹ́ fi polówó ọjà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kírun àṣùbáà tán, ó gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sóko. Nígbà tí oòrùn gòkè, mo ti kó èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ sábẹ́ àtíbàbà mi, mo ní kí wọ́n dúró wo kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀. Ohun tó bọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ méjì tí wọ́n gbé bàbá mi lé káríà kẹ̀kẹ́ tiwọn, ọ̀kan ń tì í, èkejì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ tí mo tún ṣe bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kẹ̀kẹ́ náà kò tilẹ̀ tẹ̀.

Mi ò tíì la ẹnu tí bàbá mi fi wo àwọn tó pé jọ, tó ní, “Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ kan ló já wọ iwájú mi.”

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun. Baba náà ní kí a mú àgbébọ̀ adìẹ kan wá, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ bí ìṣe wọn, ó sì fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ adìẹ àti ti bàbá mi lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ẹni náà á dìde. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ lọ, ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́kọ́ wo adìẹ náà kí n tó wo bàbá mi. Ẹni tó bá wá kí i ló ń bi í bóyá kì í ṣe jíà yẹn ló ṣe é. Á ní, “Ewúrẹ́ ni mo sọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn dára. Ẹ gbé tiyín lọ bá ọmọ mi.” Èmi á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, màá máa wolẹ̀.

Ọjọ́ kan tó ku àwa méjì, mo ní, “Bàbá, kò sílé nítòsí odò tí ẹ ti ṣubú yẹn. Ewúrẹ́ wo ló dé ibẹ̀?”

Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ló ń wá bíréèkì. Mò ń tì í sẹ́yìn, ó ń yí lásán. Mò ń tì í, ọwọ́ ò sì wá sí mi lọ́kàn.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹsẹ̀ ti ṣẹ́, wọ́n ń tò ó. Bí iṣẹ́ rẹ bá ṣẹ́, ta ni yóò bá ọ tò ó?”

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹsẹ̀ tó ti ń ti pẹ́dà sẹ́yìn láti ogún ọdún, èmi fẹ́ kó gbàgbé láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Adìẹ rìn. Bàbá mi náà dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú, kò sì dá oko lọ mọ́. Igbó gba oko Ofiki. Àwọn èèyàn sì ń gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi, nítorí baba tó ṣubú ló júwe mi. Gbogbo ẹni tí mo ṣe jíà fún ni mo ń fi dandan lé e pé kí ó gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó di ẹrù lé e. Wọ́n ní mo fara balẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àlùfáà mú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà wọ inú wàásù. Ó ní kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo ilé ṣe àmín, èmi náà ṣe é.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà lọ́jọ́ tó ṣubú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tiwa ti lọ jù bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni òtítọ́ jókòó sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ pe bàbá mi lópùrọ́, kó kọ́kọ́ bi mí léèrè. Irọ́ náà kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọdún mọ́kànlá ni a tún jọ gbé lẹ́yìn ìṣubú náà. Mò ń pọn omi fún un, mò ń ra ẹran fún un, mò ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà fún un lásìkò ọyẹ́. Mi ò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, “Bàbá, ẹ dárí jì mí.” Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan lè gbọ́.