Igbá Omi Lórí Itan Mi

Mo di etí igbá mú lórí itan mi, omi inú rẹ̀ ń mì. Bàbá tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀ ògbólógbòó lọ lójú ọ̀nà Idigny, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ kòtò. Táyà ń lu ilẹ̀ pupa gbì, gbì. Òórùn epo àti rọ́bà gbígbóná kún imú mi.

Nílé, ìyá mi ń rọbí. Agbẹ̀bí ti ní ọmọ náà dábùú, ká gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè kíákíá. Ọkọ̀ yìí nìkan ló wà nítòsí. Bàbá sì ní òun ò ní gbé aboyún láìkọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò. Èmi ni mo máa ń bá a gbé igbá: bí omi bá dà, irin tó gbé ọkọ̀ dúró ò dára nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Bí irin bá dá lọ́nà, inú igbó ni ìyá rẹ yóò bímọ sí. Ṣé ìwọ lo máa gbẹ̀bí?"

Kòtò kan gbé wa sókè. Apá òsì ọkọ̀ rì, omi tútù dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó bi mí pé, "Omi dà?"

Mo gbọ́ igbe ìyá mi nínú ilé. "Kò dà, Bàbá."

Kò bú mi. Ó wo síkẹ́ẹ̀tì mi tó ti rin. "Aṣọ rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Ó tẹ́ ẹní, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn ti là, ó ku díẹ̀ kó dá. Ó lọ yọ òmíràn lára ọkọ̀ tó ti kú sẹ́yìn ilé rẹ̀. Bí òòlù bá ti dún, igbe ìyá mi á tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́, mo kórìíra bàbá yẹn títí ó fi parí iṣẹ́. Ó wá rọra gbé ìyá mi àti agbẹ̀bí lọ, bí ẹni tó ru epo tí kò ní ìdérí. Pobè ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé àbúrò mi jáde láàyè.

Bàbá náà ti kú báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọ tèmi lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì bi mí bóyá ó ti bì láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á dá wa dúró síbẹ̀. "Rárá" ti dé ẹnu mi, ni mo bá wo ìró mi. Wàrà gbígbẹ wà lára rẹ̀.

"Ó bì," mo wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."