Àlejò Nídìí Iná Púpurù

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé bàbá mi lọ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìpínlẹ̀ tí ó fi ń yangàn. Tèmi ni Oǹdó, ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi oòrùn ṣe oríkì rẹ̀, tí wọ́n sì kọ oríkì náà sára nọ́ńbà ọkọ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Bí ọyẹ́ bá mú, tí ètè wa ń sán, tí olúkúlùkù sì ká ọwọ́ sínú súwẹ́tà rẹ̀, èmi a máa sọ fún wọn pé ní Igbótako, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a kì í ra súwẹ́tà. Mo ní oòrùn tiwa kì í ṣe oòrùn yẹpẹrẹ: òun ló ń pọ́n ẹyìn lórí ọ̀pẹ, òun náà ló sì ń mú ẹ̀gẹ́ wa sanra nínú ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Benue wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bí oòrùn yín bá dára tó báyìí, kí ló dé tí o fi ń bá wa gbọ̀n níhìn-ín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún wọn ni pé ọkàn mi kò fà sí oòrùn nìkan. Àgbàlá ìyá mi àgbà ni ọkàn mi ń fà sí, níbi tí èéfín púpurù ti máa ń gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni à ń fi ṣe púpurù: a ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó bí bọ́ọ̀lù, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná kí ó lè gbẹ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí a tó kó lọ sí Jọ́ọ̀sì, èmi ni mo máa ń gbé èyí tí wọ́n ti mọ fún ìyá mi àgbà, tí wọ́n á sì máa tò ó. Kò sí ìgbà tí mo gbóòórùn igi tí ń jó ní Jọ́ọ̀sì tí ọwọ́ mi kò rántí ìwúwo púpurù tútù.

Nígbà tí bàbá mi gbà níkẹyìn pé kí n lọ lo ìsinmi Ọdún Àjíǹde nílé, ọ̀kadà gbé mi dé iwájú ilé wa ní ọ̀sán gangan. Mo ti gbàgbé ooru wa. Ti òkè Ọya a máa mú ènìyàn gbẹ bí ẹja, ṣùgbọ́n tiwa ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi gbígbóná. Páànù ilé ń dún pà, pà. Fáànù wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí iná mànàmáná ní agbègbè wa. Òpó wà, wáyà wà, àwọn ẹyẹ ló sì ń jókòó lé e lórí.

Ìyá mi àgbà dì mọ́ mi, wọ́n kì mí títí omi fi yọ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi etí ìró wọn nu àga oníke kan, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n bu omi inú àmù fún mi, wọ́n sì fi abẹ̀bẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo dìde kí n bá wọn gbé igi ìdáná, wọ́n ní, "Jókòó, ọkọ mi. O ti rin ìrìn jìnnà."

Lọ́jọ́ náà, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń ṣú tí ó sì ń mọ́, àga náà kò kúrò lábẹ́ igi, èmi náà kò sì kúrò lórí àga. Ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú ilé, ọmọ àbúrò bàbá mi, òun ni wọ́n ń rán. "Mú ọ̀bẹ wá! Ọ̀bẹ ni mo ní, kì í ṣe ṣíbí! Ṣé etí rẹ di ni?" Mo jókòó, mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, mo sì ń jowú èébú tí wọ́n ń bú u. Ó yé mi pé bí n kò bá tún rí ipò mi gbà ní àgbàlá yẹn, a jẹ́ pé ibi tí mo fi ń yangàn ti di ìlú tí mo kàn wá bẹ̀ wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ooru lé gbogbo wọn sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti sùn, mo yọ́ lọ sídìí àjà. Wọ́n ti to púpurù tútù sórí rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ti fi eérú bo iná mọ́lẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá mú un gbẹ kí wọ́n tó jí, wọn yóò mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì mọ iṣẹ́ ilé. Mo kó igi gbígbẹ sí i, mo fẹ́ ẹ, iná sì sọ. Òógùn bọ́ sí mi lójú, n kò nù ún.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ jáde. "Yéè! Ọmọ Jọ́ọ̀sì, ṣé súyà lo ń sun fún wa ni?" Ó fa igi jáde ní kánmọ́kánmọ́, ó bu ọ̀kan nínú púpurù náà sí méjì. "Èéfín ni púpurù ń fẹ́, kò fẹ́ ọwọ́ iná. Wò ó! Ara rẹ̀ ti le bí òkúta, inú rẹ̀ ṣì rin gbindin. Ta ni yóò jẹ èyí?"

Ìyá mi àgbà dé, wọ́n ń so ìró mọ́ àyà. Wọ́n wo púpurù tí ó ti dúdú, wọ́n wo ojú mi. Mo dúró de èébú. Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín: "Ẹ fi í sílẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tún bu omi fún mi. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò jókòó lórí àga mọ́. Mo lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nígbà tí wọ́n ń dá a.

"Ta ló rán ọ?" ni ìyá mi àgbà wí.

"Kò sí, Màmá."

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ń wò bí wọ́n ti ń yẹ igi sẹ́yìn tí ahọ́n iná bá yọ, àti bí wọ́n ti ń yí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti gbẹ. Ooru sú sí mi lọ́rùn àti lẹ́yìn, wóró wóró, ó ń yún mi débi pé n kò lè sùn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ń da pọ́dà sí i fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ooru ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ọ lẹ́yìn, ọmọ Jọ́ọ̀sì. Padà sórí àga rẹ." Mo kọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa padà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù. Ìyá mi àgbà jáde nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán bí ìlànà ìjọ wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ yára nítorí ilẹ̀ ṣì ń jó. Ọmọbìnrin kékeré náà ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì fi igbe ta.

"Ìwọ! Ṣé o fọ́jú ni? O kò rí iná tí ń yọ ahọ́n? Fa igi yẹn jáde! Bí mo bá dé tí mo bá a bẹ́ẹ̀, o ó mọ ẹni tí mo jẹ́!"

Mo fò dìde. Kí n tó fa igi náà jáde, wọ́n ti kẹ́yìn sí mi, wọ́n ti ń lọ. Wọn kò dúró wò bóyá mo ṣe é dáadáa.

Ó wá ku èmi nìkan nídìí àjà. Mo fi eérú pa ọwọ́ iná, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó nípọn, ó ń ta mí lójú. Mo yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe, gbogbo ara mi sì ń rin fún òógùn. Báàgì mi ti wà ní dídì nínú ilé. Nígbà tí púpurù yìí bá gbẹ, èmi kò ní sí níbẹ̀ mọ́ láti bá wọn fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí èéfín ti mú dúdú kúrò. Mo tún yẹ igi kan sẹ́yìn sí i, kí iná náà lè lọ́ra.