Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta ti Táyọ̀

Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú lẹ́ẹ̀kan náà, Àǹtí Bísí ò pariwo. Wọ́n gbé àga onírọ́bà síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo títì Ìkòsí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Àǹtí Bísí ni ọ̀gá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nígbà tí mo dé láti Ìsẹ́yìn: à ń tẹ ìwé, à ń fi ẹ̀rọ gbé e jáde, à ń bá ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Fláàṣì tí àwọn oníbàárà ń fi kó ìwé wọn wá ló ń dá wa lóró. Fláàṣì ẹlòmíràn ti dé gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà láti Kétu dé Mile 12, gbogbo fáírọ́ọ̀sì tó sì bá pàdé lọ́nà ló ń kó bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Windows tó wà lórí ẹ̀rọ wa kì í ṣe èyí tí a rà. Àdàkọ tí gbogbo ayé ń pín kiri ni, nítorí náà a ò rí ààbò kankan gbà fún un.

Àǹtí ní, “Mùlíkà, tí irú eléyìí bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Màá lọ bá màámi ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Ìwọ náà á padà sílé.”

Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn bí ojú.

Táyọ̀, ẹgbẹ́ mi tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló gbé Linux wá, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ dípò Windows.

“Fíríì ni, Àǹtí.”

“Fíríì? Ní Kétu níbí? Ta ló ń san owó ẹ̀?”

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, Windows, ọbẹ̀ olóúnjẹ ni. Ẹ máa rà á, ẹ máa jẹ ẹ́, ẹ ò ní mọ ohun tí wọ́n fi sè é. Linux, wọ́n ṣí ìkòkò sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Tí iyọ̀ ò bá tó, ẹ bù sí i.”

“Èmi tí mi ò mọ ọbẹ̀ kọ̀ǹpútà í sè ńkọ́?”

“Èmi ni màá máa bá yín sè é.”

Ó fi í sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fáírọ́ọ̀sì ń wọlé, wọn ò rí nǹkan ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá: ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ṣì ń mí.

Àwọn oníbàárà ni kò fara mọ́ ọn. Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni pé oníbàárà á jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀wé, á máa nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. Ojú tuntun tí Linux gbé wá yìí ò yé wọn. Ìyá kan láti Ṣángíṣá bi wá bóyá kọ̀ǹpútà wa ń ṣàìsàn. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Daddy kan dé láti Magodo. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn ló wà nínú fláàṣì, ọmọ wọn ti tò ó dáadáa nílé. Nígbà tí mo ṣí i, ọ̀rọ̀ ti já wá sísàlẹ̀, àwòrán Mama sì gun orí orin ìsìn. Daddy nàka sí ojú Mama tó ti bo orin.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. “Daddy, irú lẹ́tà tí wọ́n lò nílé ni kò sí lórí tiwa…”

Àǹtí di ọwọ́ mi mú. “Ẹni tó fẹ́ sin ìyá ẹ̀, Mùlíkà, lẹ́tà lo ń ṣàlàyé fún un?”

Àǹtí yọ fláàṣì, wọ́n sì tẹ̀ lé Daddy sọdá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gba oníbàárà wa. Àǹtí dúró ti Daddy níbẹ̀ títí ìwé fi jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí ra ojúlówó Windows, tí wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Táyọ̀ fajú ro.

“Àǹtí, ẹ ò gbà mí gbọ́.”

“Táyọ̀, mẹ́ta ni tìẹ, ọ̀kan ni ti oníbàárà.”

 Táyọ̀ mu mọ́ọ̀tì tí Àǹtí fi bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: fláàṣì á kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ Táyọ̀, a ó ṣa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ dànù, kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà padà. Daddy Magodo náà padà, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni wọ́n sì ń kó wá. Ilẹ̀kùn wa ò tì. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, pàápàá ẹjọ́ tí Àǹtí àti Táyọ̀ máa ń rò lórí èwo ló dáa jù, tí kì í parí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí Àǹtí ń fẹ̀yìn tì lọ sí Ṣakí, ìlú wọn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú kọ̀ǹpútà kan lọ sílé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ti ẹnu ọ̀nà.

“Fi ìyẹn sílẹ̀.” Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀kan nínú ti Táyọ̀. “Èyí ni.”

“Àǹtí, ti ẹnu ọ̀nà yìí lẹ fowó ra Windows sí o.”

“Oníbàárà ni mo rà á fún. Kò sí oníbàárà ní Ṣakí. Èyí tó wù mí ni mò ń gbé lọ.”

Táyọ̀ ti wà lókè òkun nígbà yẹn. Mo pè é lórí fóònù, mo sọ ohun tí Àǹtí wí fún un. 

Ó ní, “Mùlíkà, jọ̀ọ́, tún un sọ.”

Mo tún un sọ.