Ahọ́n Ẹyẹ Níwájú Fẹ́ǹsì Funfun

Ẹ̀wà mi jóná lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mò ń gbé ní Ìkòsì, ni ẹyẹ kan tí kò tó àtàǹpàkò mi méjì bá bà sórí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ọgbà ilé kejì. Ó dorí kodò, ó ki ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja bọ inú òdòdó náà. Lábẹ́ òjìji, dúdú ni. Bó ṣe yí sí oòrùn, àyà rẹ̀ ń dán bíi wáyà bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ní ọjà irin Owódé Onírin. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó ti lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Lórí fóònù, mo rí fídíò àwọn tó gun òkè lọ sínú igbó oníkùrukùru ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ya ẹyẹ kékeré tó máa ń dúró lójú afẹ́fẹ́ mu omi òdòdó. Ẹyẹ tiwọn kò sí ní Áfíríkà. Tiwa kì í ṣe ìbátan rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nínú fídíò kan, ahọ́n yọ lẹ́nu ẹyẹ náà bí òwú ìránṣọ. Irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹyẹ tiwa ni mo fẹ́ yà. Mo ra kámẹ́rà àlòkù àti lẹ́ǹsì gígùn.

Èèpo pupa kan ló máa ń ṣí lára òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójúmọ́; abẹ́ rẹ̀ lẹyẹ máa ń lọ, abẹ́ rẹ̀ náà ló sì ṣókùnkùn jù. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ojú kámẹ́rà ní láti pẹ́ ní ṣíṣí: ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá ló yá jù tí mo lè fi yà á. Kò yá tó. Oṣù kan gbáko, ní gbogbo àárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kò sí ẹyọ kan tó mọ́.

Ní Mọ́ńdè kan, mo ṣí fèrèsé, mo rí i pé wọ́n ti kun fẹ́ǹsì ilé kejì ní funfun, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ara fẹ́ǹsì níta ni gbogbo ayé ń kọ ọ́ sí. Inú ni wọ́n kọ èyí sí, níbi tó dojú kọ fèrèsé mi.

Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo sáré lọ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà tó ń gbé ilé náà.

"Àǹtí kámẹ́rà, o ti kà á?"

"Mo ti kà á, mà."

"Ṣé ó tóbi tó? Sọ fún àbúrò mi tó rán ẹ pé kó o wá máa ya ilé yìí kóun lè tà á, pé bàbá wa ló ní kí n máa gbé ibí. Kó lọ ta ilé àna ẹ̀."

"Màmá, ẹyẹ ni mò ń yà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Ẹyẹ! Láti oṣù tó kọjá! Mú u wá ká rí i."

Mo yí fọ́tò lọ, mo yí i bọ̀. Ewé, fẹ́ǹsì, ewé, ohun dúdú kan.

"Èyí nìyẹn, mà."

"Eṣinṣin nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn lo fi ń ṣe bojúbojú. Tí mi ò bá rí ẹyẹ kó tó di Sátidé, màá ní kí wọ́n gé e dànù."

Òjò rọ̀ ní Túsìdeè. Ní Wẹ́sìdeè, ẹyẹ kò wá. Níbi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá mi bi mí bóyá ara mi dá. Ní Tọ́sìdeè, mo wo òǹkà ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, mo rò pé ó ti bàjẹ́: ìmọ́lẹ̀ abẹ́ òdòdó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀dà funfun ni! Oòrùn àárọ̀ ń bá fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì ń dá a padà sábẹ́ èèpo pupa náà. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún méjì ìṣẹ́jú àáyá ti wá ṣeé ṣe.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, ẹyẹ dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, fọ́tò méjìdínlógójì. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

Màmá wọ awò ojú wọn. "Kí ló yọ lẹ́nu ẹ̀ yìí?"

"Ahọ́n ẹ̀ ni, mà."

"Ahọ́n! Nínú ilé mi níbí?" Wọ́n tún wò ó. Ọ̀rọ̀ pupa wọn wà lẹ́yìn ẹyẹ náà, ó ti di àbàwọ́n tí kò ṣeé kà nínú fọ́tò. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa ohun tí mo kọ rẹ́ o. Àbúrò mi ṣì wà láyé."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Títí di àárọ̀ òní, mo ti ya fọ́tò ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mọ́kàndínlógún. Ahọ́n hàn nínú mẹ́fà.