Ojú Ewé Kẹsàn-án Nínú Nóòtì Ọ̀gá Mi

Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ kí mi ní ọ́fíìsì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Màmá Fọláṣadé ni, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ti Ring Road wá kàwé ní yunifásítì wa.

"Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jẹ́ n kí tíṣà mi, Dókítà. Máàkì méjì nínú ogún lẹ fún mi. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, mi ò ní gboyè lọ́dún yìí. Ẹ fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí."

Mo mọ ibẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ wọn. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni mo jogún nóòtì mi lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oní-fọ́tòkọ́pì Àgbowó, níwájú géètì wa, ń tà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, wọ́n á sì dà á padà fún mi nínú ìdánwò bí wọ́n ṣe gbà á. Ojú ewé kẹsàn-án sọ pé àwọn ẹrú ìgbà náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì kọ bẹ́ẹ̀. Màmá nìkan ló kọ pé kì í ṣe òótọ́. Mo fi bírò pupa fagi lé e.

Màmá fa ìwé kan yọ nínú báàgì wọn. "Láíbìrì ni mo ti rí i. Ẹ bá mi kà á."

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, tí àwọn ẹrú kọ sí ìjọba ibẹ̀, lásìkò tí àwọn olówó wọn gan-an ń pariwo òmìnira. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn olówó wọn, wọ́n fi bi wọ́n léèrè pé, àwa ńkọ́? Orí mi wú. Ẹni tí wọ́n rà lọ́jà ló ń kọ́ olówó rẹ̀ ní ìtumọ̀ ìwàásù olówó rẹ̀! Mo tún un kà, mi ò tiẹ̀ rántí pé ẹnì kan dúró tì mí.

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà yẹn ní ká má gba nǹkan gbọ́ torí pé àgbà ló sọ ọ́, ká fi làákàyè tiwa wọ̀n ọ́n wò."

Ojú tì mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń sọ ọ́; ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni mo fìyà jẹ. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Èwo wá ni ọmọdé nínú èmi tíṣà àti ìyá yìí?

Kí máàkì tó lè yí padà, mo gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìdánwò pé nóòtì wa kò tọ̀nà, ọ̀gá mi tó kọ nóòtì náà sì ni alága wọn. Mo kọ ọ́, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gá mi fúnra mi. Bàbá kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì tún fi í sójú.

"Ìwé ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún dà? Gbé e wá kí n kà á."

Ìgbìmọ̀ yí máàkì náà padà. Màmá gboyè.

Mo kọ nóòtì tuntun. Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́." Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta há gbólóhùn yẹn sórí, wọ́n kọ ọ́ fún mi nínú ìdánwò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹnì kẹrin kọ ọ́ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe sì wà ní ojú ewé kejìlá.

Mo ṣí i. Òótọ́ ni.